Písà àfọwọ́ṣe nínú ilé: báwo ni mo ṣe lè fi ata díndín, ẹ̀fọ́ àti wàrà ṣe é kí ìdí rẹ̀ má sì rọ̀?

Ìyá Ìbejì (Ìbàdàn)

Ẹ kú ilé, ẹ̀yin alásè ẹlẹgbẹ́ mi. Àwọn ìbejì mi yóò pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí òní, písà ni wọ́n sì ní àwọn fẹ́ jẹ lọ́jọ́ náà. N kò fẹ́ rà á. Owó písà mẹ́fà tí yóò kárí àwọn ọmọ tí a pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan nílé wa, ṣùgbọ́n èyí tí ó jẹ mí lógún jù ni ti ìyá ọkọ mi tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ wa, tí wọn kì í fi ẹnu kan ohun tí kò bá ti ní ata àti adùn tí wọ́n mọ̀ nínú. Mo fẹ́ kí tọmọdé tàgbà jẹ nínú ohun kan náà lọ́jọ́ náà, kí a má ṣe gbé ìkòkò ọ̀tọ̀ kaná nítorí ẹnì kan. Ìdí nìyí tí mo fi pinnu láti po ìyẹ̀fun rẹ̀ fúnra mi, kí n sì fi ohun tí ọjà Bódìjà ní ṣe orí rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dán an wò. Nígbà àkọ́kọ́, mo da odindi pákẹ́ẹ̀tì yíìsì kékeré kan sínú ife fúláwà mẹ́rin, mo bu omi gbígbóná sí i kí ó lè tètè wú, mo sì fi ìgò tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Kò wú rárá, nígbà tí ó sì jáde nínú ààrò, ó le koránkorán débi pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ní láti rẹ ẹ́ sínú tíì kí ó tó lè jẹ ẹ́. Nígbà kejì, ìyẹ̀fun náà wú dáadáa, ṣùgbọ́n mo bu ọbẹ̀ ata láti inú ìkòkò sí i lórí, mo sì da ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rò lé e. Etí rẹ̀ gbẹ, àárín rẹ̀ rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, bí mo sì ṣe gbé ẹyọ kan sókè ni gbogbo ohun tí ó wà lórí rẹ̀ já bọ́ sínú àwo. Nígbà kẹta, mo ra wàrà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní, mo gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, mo tò ó sí i lórí, mo sì dúró ti ààrò fún ìṣẹ́jú 25 kí ó lè yọ́ kí ó sì máa fà. Kò yọ́. Bí mo ṣe tò ó náà ni mo ṣe bá a, àfi pé ó ti pọ́n, ó sì ti gbẹ.

Ààrò gáàsì ni mo ní, ìsàlẹ̀ nìkan sì ni iná rẹ̀ ti ń jó. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ẹ ṣe ń po ìyẹ̀fun yín, kí ni mo sì lè ṣe kí ìdí písà náà jiná kí ohun tí ó wà lórí rẹ̀ má fi omi bà á jẹ́? Bí ẹnikẹ́ni bá ti fi oúnjẹ ilẹ̀ wa ṣe orí písà tí ó sì dùn, mo bẹ̀ yín, ẹ sọ bí ẹ ṣe ṣe é fún mi.

Bàbá Oníbúrẹ́dì (Abẹ́òkúta)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra ọjọ́ ìbí, Ọlọ́run yóò dá àwọn ọmọ náà sí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti fi wà nídìí ààrò búrẹ́dì, ọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun nìkan ni n ó sì sọ. Àwọn tí ó mọ ọbẹ̀ jù mí lọ yóò sọ ti orí rẹ̀.

Omi gbígbóná ni ó pa yíìsì yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ohun abẹ̀mí ni yíìsì. Omi tí ó bá ti gbóná tó ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius yóò pa á, bẹ́ẹ̀ ni ìyẹ̀fun tí yíìsì rẹ̀ ti kú kò lè wú bí ẹ tilẹ̀ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ní ilẹ̀ wa níbí tí inú ilé fúnra rẹ̀ ti ń móoru, ẹ kò nílò omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ rárá. Omi tútù ni kí ẹ lò, kí ẹ sì dín yíìsì náà kù gidigidi, nítorí odindi pákẹ́ẹ̀tì yẹn pọ̀ ju ohun tí ife mẹ́rin nílò nínú ooru wa. Ìyẹ̀fun tí yíìsì bá pọ̀ nínú rẹ̀ a máa wú ní wàràǹṣeṣà, a máa rùn bí ọtí kíkan, kì í sì í ní adùn kankan lẹ́nu.

Ẹ bá mi wá òṣùwọ̀n kékeré kan, nítorí ife a máa tan ènìyàn jẹ: fúláwà tí ẹ kì mọ́ ife àti èyí tí ẹ rọra bù sínú rẹ̀ kì í wúwo bákan náà. Fún písà mẹ́ta tí ó fẹ̀ tó 28 sẹ̀ǹtímítà, ẹ wọn fúláwà 500 gíráàmù, omi tútù 325 gíráàmù, iyọ̀ 10 gíráàmù, yíìsì gbígbẹ 2 gíráàmù, tí kò ju ìlàjì ṣíbí ìmutíì lọ púpọ̀, àti òróró ṣíbí ìjẹun kan. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe mẹ́fà, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Fúláwà tí àwa oníbúrẹ́dì ń lò ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á, kì í ṣe ti kéèkì, nítorí ti búrẹ́dì ni ó ní èròjà amáradàgbà tí ó pọ̀ tó láti fà bí rọ́bà kí ó sì di afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ mú.

Ẹ da omi sínú ọpọ́n, ẹ wọ́n yíìsì sí i, ẹ da fúláwà lé e, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan rò ó pọ̀ títí tí ẹ kò fi ní rí ìyẹ̀fun gbígbẹ mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bò ó, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fo ibí yìí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni omi ti ń wọ inú ìyẹ̀fun lọ tí iṣẹ́ ọwọ́ yín yóò fi dín kù sí ìlàjì. Nígbà tí ẹ bá padà dé, ẹ wọ́n iyọ̀ àti òróró sí i, ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ tì í síwájú, ẹ ká a padà sọ́dọ̀ ara yín, ẹ yí i díẹ̀, kí ẹ tún tì í. Yóò lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe bu fúláwà sí i, nítorí fúláwà tí a ń bù kún un níbẹ̀ ni ó ń sọ písà di pákó. Òróró díẹ̀ ni kí ẹ fi pa ọwọ́. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ẹ ó rí i tí ara rẹ̀ yóò máa dán, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú kúrò lára ọpọ́n fúnra rẹ̀. Ẹ já ìwọ̀n ẹyin àdàbà kan nínú rẹ̀, kí ẹ fi ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rọra nà án sí apá ọ̀tún àti òsì níwájú fèrèsé: bí ó bá fẹ́lẹ́ títí ìmọ́lẹ̀ fi là á kọjá kí ó tó ya, ó ti tó. Bí ó bá tètè ya, ẹ tún un pò fún ìṣẹ́jú méjì sí i.

Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan nínú ọpọ́n tí ẹ fi òróró pa, lẹ́yìn náà kí ẹ pín in sí mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó 280 gíráàmù, kí ẹ ká a róbótó, kí ẹ sì gbé e sínú ike onídèérí wọ inú fíríìjì títí di ọjọ́ kejì. Òtútù yìí ni ó ń fún un ní adùn. Mo mọ̀ pé ẹ ó béèrè ọ̀rọ̀ iná: bí iná bá lọ, ẹ kó àwọn ike náà sínú kúlà pẹ̀lú ìgò omi dídì méjì, yóò sì dúró dáadáa. Bí kò bá sí òtútù rárá, ẹ lo yíìsì 3 gíráàmù, ẹ fi í sílẹ̀ nínú ilé fún wákàtí méjì, kí ẹ sì lò ó lọ́jọ́ náà. Yóò ṣeé jẹ, àmọ́ adùn rẹ̀ kò ní tó ti èyí tí ó sùn.

Ẹ kó o jáde ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 kí ẹ tó tẹ́ ẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ìgò yẹn jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí pé gbogbo afẹ́fẹ́ tí yíìsì fi òru ọjọ́ kan kó jọ ni ìgò ń tẹ̀ dànù. Ìka ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fi etí rẹ̀ tí ó fẹ̀ tó àtàǹpàkò sílẹ̀ láìtẹ̀. Bí ó bá ń sún padà sẹ́yìn, ẹ má bá a jà. Ẹ fi aṣọ ọ̀rinrin bò ó fún ìṣẹ́jú 15, ara rẹ̀ yóò rọ̀, yóò sì gbà fún yín.

Ìdáná Àlàkẹ́ (Ìlọrin)

Bàbá, ẹ kú ẹ̀kọ́, a dúpẹ́. Ìyá Ìbejì, wàrà ni iṣẹ́ tí a bí mi bá nílé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Kò sí iná tí yóò mú wàrà wa yọ́, ẹ kò sì ṣe àṣìṣe kankan nídìí rẹ̀. Orí iná ni àwọn Fúlàní ti ń fi omi ewé bòmubòmu sí mílíìkì màlúù kí ó lè dì, wọ́n sì tún máa ń sè é nínú omi ara rẹ̀ kí ó lè le. Ohun tí a ti fi ooru mú le bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá tún kó o wọ inú ooru, ńṣe ni yóò máa le sí i. Bákan náà ni ti wagashi, irú wàrà tí wọ́n ń jẹ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń fi ewé ọkà bàbà pa láró pupa. Mozzarella, ṣíìsì àwọn ará Ítálì tí ó máa ń yọ́ lórí písà, yàtọ̀, nítorí mílíìkì tí wọ́n jẹ́ kí ó kan díẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á sì nà án nínú omi gbígbóná títí yóò fi máa fà, ìdí sì nìyẹn tí ó fi ń rántí àtifà nígbà tí iná bá tún kàn án.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ lo méjèèjì, kí ẹ sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tí ó mọ̀. Ẹ ra mozzarella gbígbẹ tí ó wà ní odindi, kí ẹ fi ìrin rin ín fúnra yín. 90 gíráàmù tó fún písà kan, bí ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó kéré. Èyí tí wọ́n ń tà nínú omi dùn púpọ̀, àmọ́ omi rẹ̀ pọ̀, ẹ sì ní láti gé e kí ẹ sì tò ó sórí aṣọ fún wákàtí kan kí ó tó ṣeé lò. Ní ti wàrà, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi oníyọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nítorí kì í ní iyọ̀ tirẹ̀, ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́ bí èkúrú, ẹ yí i mọ́ ata gígún àti àlùbọ́sà díẹ̀, kí ẹ dín in fẹ́ẹ́rẹ́ kí ó pọ́n létí. Mozzarella ni yóò di gbogbo rẹ̀ pọ̀, wàrà ni yóò máa fún eyín ní ohun tí yóò rún.

Omi ni ó ba ti ìgbà kejì jẹ́. Ó lé ní 90 nínú 100 ìwọ̀n tòmátì tí ó jẹ́ omi lásán, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀fọ́ tútù, ibi tí omi yẹn yóò sì sá sí nínú ààrò kò ju inú ìyẹ̀fun lọ. Ẹ lọ tàtàṣé mẹ́ta, tòmátì mẹ́rin, àlùbọ́sà kan àti ata rodo bí ara yín bá ṣe gbà, ẹ dà á sínú asẹ́ kí omi rẹ̀ ro dànù, ẹ gbé e kaná láìsí òróró títí yóò fi nípọn, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá bu òróró ṣíbí méjì péré sí i kí ẹ sì dín in. Àmì rẹ̀ rèé: ẹ fa ṣíbí gba àárín ìkòkò. Bí ojú ọ̀nà tí ṣíbí là bá pa dé kíákíá, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìdí ìkòkò tí ó ṣí sílẹ̀ tí ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ti tó. Ṣíbí ìjẹun mẹ́rin ni fún písà kan, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òróró tí ó bá léfòó, ẹ gbọ̀n ọ́n kúrò, nítorí òróró náà a máa mú ìdí rẹ̀ rọ̀.

Fún ìyá wa àgbà, èyí ni mo máa ń ṣe fún àwọn àgbà ilé tèmi. Bí ata bá ń dín lọ́wọ́, mo máa ń da irú ṣíbí kan sí i, nítorí irú tí a bá wọ́n sórí písà tààrà a máa jóná, a sì máa korò. Mo máa ń bọ ẹ̀fọ́ ṣọkọ nínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú kan, mo máa ń fi omi tútù ṣàn án, mo sì máa ń fi ọwọ́ méjèèjì fún un títí tí kò fi ní kán mọ́, kí n tó wá tú u ká sórí ata náà. Ẹja àrọ̀ gbígbẹ tí a ti ya egungun kúrò lára rẹ̀ ni mo fi ń tẹ̀lé e, wàrà àfọ́wẹ́wẹ́ sì ni ó kẹ́yìn. Lórí ti àwọn ọmọ, ẹ yọ rodo kúrò, ẹ to dòdò sí i. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n ṣùgbọ́n tí kò tíì rọ̀ jù ni kí ẹ gé wẹ́wẹ́, kí ẹ dín in, kí ẹ sì jẹ́ kí bébà fa òróró rẹ̀ kí ẹ tó lò ó. Bí ẹ bá fẹ́ súyà, ẹ̀yìn tí písà bá jáde nínú ààrò ni kí ẹ tó wọ́n ọn sí i, nítorí ẹ̀pà inú yàjì kì í pẹ́ jóná, ẹran náà á sì gan bí ó bá tún wọ inú iná lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbín tí a bọ̀, tí a gé pẹlẹbẹ tí a sì fi ata yí dára púpọ̀. N kò fara mọ́ pọ̀nmọ́, mo ti dán an wò, kò bá a lọ.

Ohun kan ṣì kù tí mo fẹ́ràn láti sọ. Ewé tí àwọn ará Ítálì máa ń já sórí písà wọn, ọmọ ìyá kan náà ni òun àti efinrin wa. Efinrin lágbára jù ú lọ, nítorí náà ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí a fi ọwọ́ ya wẹ́wẹ́ lẹ́yìn tí písà ti jáde ti tó. Ooru rẹ̀ yóò mú òórùn náà tú jáde kí ẹ tó gbé e dé orí tábìlì.

Olùkọ́ (Òṣogbo)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, mo sì gbádùn rẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Písà ní ilé, ó sì ní àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀. Ní Naples ní ilẹ̀ Ítálì, láti ọdún 1984 ni ẹgbẹ́ kan ti wà tí ó ń dáàbò bo bí a ṣe ń ṣe é, nígbà tí ó sì di ọdún 2017, UNESCO, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, ka iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tí ń ṣe písà nílùú náà mọ́ ohun àjogúnbá aráyé. Bí ẹnì kan bá fi ọ̀dùnkún gún iyán níbòmíràn, a ó bínú. Ǹjẹ́ kò ní dára kí a fún èyí tí ó ní irú àti dòdò lórí ní orúkọ tirẹ̀, kí a pè é ní búrẹ́dì ọlọ́bẹ̀?

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Peckham

Olùkọ́, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣiṣẹ́ nílé ìdáná písà kan níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ Naples sì ni ọ̀gá mi níbẹ̀, nítorí náà ó ká mi lára pé kí a bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ náà. Ohun tí ẹgbẹ́ yẹn ń ṣọ́ ni písà Naples gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Naples, wọn kò sì sọ pé kí ẹlòmíràn má fi ìyẹ̀fun rẹ̀ ṣe ohun tí ilẹ̀ rẹ̀ ní. Tòmátì tí ó wà lórí rẹ̀ pàápàá, láti Amẹ́ríkà ni ó ti wọ Yúróòpù. Ní ọdún 1962, ọkùnrin kan tí a bí ní Gíríìsì, Sam Panopoulos, ni ó kọ́kọ́ to ọ̀pẹ̀ òyìnbó sórí písà ní ìlú Chatham ní Kánádà, ó sì pè é ní ti Hawaii. Àwọn ará Brasil ń jẹ písà tí wọ́n to ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti kínámónì lílọ̀ sí lórí. Dòdò Ìyá Ìbejì kò dá nìkan rìn. Ohun tí ọ̀gá mi kò jẹ́ fojú fò ni ìyẹ̀fun tí a kò fún ní àkókò tó, ohun tí Bàbá Oníbúrẹ́dì sì kọ sókè yìí, òun gan-an ni wọ́n kọ́ mi.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ iná ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ààrò onígi ti Naples a máa gbóná tó 430 sí 480 lórí òṣùwọ̀n Celsius, písà a sì máa jiná nínú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Ààrò ilé kì í sábà kọjá 250, bí ẹ bá sì gbé ìyẹ̀fun tútù lé páànù tútù wọ inú rẹ̀, ìdí rẹ̀ yóò ti mu omi ata tán kí ooru tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Orí sítóòfù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá páànù irin tí ìdí rẹ̀ nípọn, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe ike, ẹ gbé e sórí iná tí kò lágbára jù, kí ẹ fi òróró kan nù ún. Kí ó tó di pé ẹ ṣe èyí, ààrò gbọ́dọ̀ ti máa jó fún ìṣẹ́jú 40 ní ìwọ̀n tí ó ga jù lọ, kí pẹpẹ irin inú rẹ̀ sì wà ní òkè pátápátá. Ẹ tẹ́ ìyẹ̀fun sínú páànù gbígbóná náà. Ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ ó sì rí i tí yóò máa yọ kókó lójú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, ẹ gbé etí kan sókè wò: bí ìdí rẹ̀ bá ti ní àmì pupa rúsúrúsú bí ti àkàrà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, ẹ fi ata pa ojú rẹ̀, ẹ wọ́n ṣíìsì, ẹ to ìyókù, kí ẹ gbé e bọ inú ààrò fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ìdí tí ó ti jiná kí ata tó kàn án kò ní lè mu omi mọ́.

Ẹni tí kò bá ní ààrò rárá lè fi ìdérí bo páànù náà lórí iná kékeré títí ṣíìsì yóò fi yọ́, tàbí kí ó lo ìkòkò oníyanrìn tí àwọn ìyá wa fi ń yan kéèkì, kí ó sì to èédú pípọ́n sórí ìdérí rẹ̀ kí ooru lè wá láti òkè pẹ̀lú.

Nítorí pé àwọn ọmọ yóò pọ̀, ẹ fi àárọ̀ ọjọ́ náà yan ìdí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní páànù, ẹ jẹ́ kí wọ́n tutù lórí pẹpẹ irin oníhò, kí ẹ sì fi aṣọ bò wọ́n. Tí àlejò bá ti jókòó, ẹ kàn ní láti to orí wọn, kí ẹ máa gbé wọn wọ inú ààrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Ìbejì (Ìbàdàn)

Ẹ ṣé gan-an ni, gbogbo yín. Olùkọ́, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yín. Àwọn ọmọ kò gbà kí n yí orúkọ rẹ̀ padà, àmọ́ n ó sọ ìtàn Naples fún wọn.

Mo ṣe mẹ́ta lálẹ́ àná láti fi dán ọwọ́ wò. Mo ra òṣùwọ̀n, mo wọn ohun gbogbo, mo sì na ìyẹ̀fun náà níwájú fèrèsé gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe wí. Ìgbà tí mo rí ìmọ́lẹ̀ lára rẹ̀, inú mi dùn débi pé mo pe ọkọ mi wá wò ó. Mo fa ṣíbí gba àárín ata, mo dúró títí ìdí ìkòkò fi hàn. Láti orí páànù ni ìdí rẹ̀ ti jiná, mo gbé ẹyọ kan sókè, ó sì dúró gbọin lọ́wọ́ mi láìtẹ̀. Ìyá wa jẹ ẹyọ méjì nínú èyí tí ó ní ṣọkọ àti ẹja àrọ̀, wọ́n sì ní kí n fi ẹyọ kan pamọ́ fún àwọn di àárọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni ó kù. Etí rẹ̀ funfun, kò pọ́n bí mo ṣe fẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jiná. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ìyẹ̀fun náà lò nínú fíríìjì kí àyè tó yọ fún mi láti lò ó. Ṣé ọjọ́ yẹn ni ó pọ̀ jù ni, àbí iná ààrò mi?

Bàbá Oníbúrẹ́dì (Abẹ́òkúta)

Méjèèjì lọ́wọ́ nínú rẹ̀, Ìyá Ìbejì. Ṣúgà inú fúláwà ni ó ń mú etí písà pọ́n, ṣúgà náà sì ni yíìsì ń jẹ. Ní ọjọ́ kẹta, ó ti jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀ tán, ààrò tí kò ní iná lókè kò sì lè fi ìwọ̀nba tí ó kù ṣe nǹkan kan. Ẹ lò ó láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ pò ó, ẹ da ṣúgà 10 gíráàmù mọ́ fúláwà 500, ẹ má jẹ́ kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ìdí rẹ̀ má baà jó lórí páànù. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé e wọ inú ààrò, ẹ fi òróró pa etí rẹ̀ yípo. Bí ọjọ́ ìbí bá bọ́ sí Sátidé, alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ pò ó.